Bàtà Tí Kúnmi Ò Wọ̀

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ohunkóhun kò tíì bàjẹ́, Àpèkẹ́ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ mu omi. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, bí gbogbo ìjọ aláṣọ funfun ṣe ń ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo èèyàn ń bọ́ bàtà sí, ó bá Tọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀. Bàtà Kúnmi, ọmọ Àpèkẹ́, ló wà lọ́wọ́ Tọ́lá. Ó yí i dojú dé, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún yọjú wo inú rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó rí Àpèkẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ti ń di ọkọ̀ ojú omi o."

"Ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ni," Àpèkẹ́ dáhùn. "Òun náà ló fi sá lọ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi yọjú látinú ilé pé kí wọ́n rọra. Tọ́lá dá bàtà náà padà síbi tó wà, ó tò ó dáadáa, ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọlé.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ ni, Àpèkẹ́ ìbá ti gbàgbé rẹ̀ kí ìsìn tó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ ojú lásán ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí Àpèkẹ́ dé Peckham ní ìlú òyìnbó pẹ̀lú oyún nínú àti báàgì kan lọ́wọ́, Tọ́lá ló gbà á sílé. Tọ́lá ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń bá àwọn council sọ̀rọ̀ láì sunkún. Tọ́lá ló ń lọ mú Kúnmi ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lẹ́nu shift, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí Kúnmi wá dàgbà tó wọ sixth form, ìyẹn ọdún méjì tó ṣáájú yunifásítì, ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni Tọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àti èyí tó fi sílẹ̀, ojú Tọ́lá ló ń gbà kọjá.

Kúnmi mọ eré sá. Irínwó mítà ni tirẹ̀, ìwọ̀n yípo pápá lẹ́ẹ̀kan. Ní Southwark Park, lẹ́bàá Surrey Quays, Kọ́lápọ̀ tó ń kọ́ wọn ní eré ìje máa ń sọ fún Àpèkẹ́ pé, "Mummy Kúnmi, ọmọ yín kì í sáré. Ńṣe ló ń bínú sí ilẹ̀."

Kọ́lápọ̀ yìí ló fi fídíò Kúnmi ránṣẹ́ sí kóòṣì obìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà. Kóòṣì náà pè. Orí tábìlì ìdáná ni Kúnmi gbé fóònù kalẹ̀ sí, ojú obìnrin náà ń dán nínú rẹ̀. Àpèkẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì níbi tí wọn ò ti lè rí i, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

Obìnrin náà ní òun fẹ́ Kúnmi. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà, ibùgbé wà, oúnjẹ wà.

Ó tún sọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní òun kọ́ lòun ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ó ní àwọn tó ń gbà wọ́n wọlé máa ń wo ẹ̀kọ́ ọmọ kí wọ́n tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Nítorí náà, Kúnmi, máa bá ẹ̀kọ́ rẹ lọ bó ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́."

Àpèkẹ́ gbọ́ èyí náà. Ṣùgbọ́n létí tirẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ jẹun dáadáa, kó sì sùn dáadáa. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ? "A fẹ́ ọ" ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́.

Bí fóònù ṣe kú, ó nu ọwọ́, ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀.

"Kúnmi, wò mí lójú. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni."

"Okay, Mummy."

"Kò gbọdọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ yín. Kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Títí o fi máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó o débẹ̀, kó o pè mí."

"Aunty Tọ́lá ńkọ́?"

Àpèkẹ́ tún nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Aunty Tọ́lá náà."

"Mummy, come on. Aunty Tọ́lá tiwa?"

"Mo ní Aunty Tọ́lá náà."

Kò sí wòlíì kankan tó rí ìran sí i. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa, nítorí ó wọ́pọ̀ kí èèyàn di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lé wòlíì lórí. Ìbẹ̀rù tirẹ̀ ni, ìbẹ̀rù tí wọ́n ti fi tọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò kì í pariwo. Ìbẹ̀rù náà sì ní orúkọ ẹnìkan nínú. Olúbáyọ̀ ni, ọmọ Tọ́lá.

Báyọ̀ náà sáré nígbà tirẹ̀. Òun náà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rí Amẹ́ríkà. Gbogbo ìjọ dúró yí i ká, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n tẹ̀lé e dé pápákọ̀ òfuurufú. Kí ọdún tó yí po, ó ti padà sílé. Nígbà tí wọ́n bi Tọ́lá, ó ní ojú ọjọ́ ibẹ̀ ò bá a lára mu. Kò sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Báyọ̀ wá ń wa ọkọ̀, ó ń já ẹrù fún àwọn èèyàn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan nínú ìjọ ní ayé ló ṣe é. Àpèkẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń rìn lọ́kàn rẹ̀ tí kò lè fẹnu sọ. Ìyá tí ọmọ tirẹ̀ já lulẹ̀ lójú ọ̀nà, irú ojú wo ló máa fi wo ọmọ ẹlòmíràn tó ń gba ọ̀nà kan náà lọ?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Tọ́lá kan ilẹ̀kùn. Kúnmi wà ní pápá. Tọ́lá mú páálí kan jáde nínú báàgì, ó ṣí i. Bàtà eré ìje ni, irú èyí tó ní irin ṣóńṣó lábẹ́, ó pupa bí ata rodo.

"Fún ọmọ mi ni. Eléyìí tó ń wọ̀ yẹn ti fẹnu sílẹ̀ bí ẹja."

"Tọ́lá. Eléyìí mà wọ́n o."

"Ṣé mo ní kó o bi mí ni? Má sì jẹ́ kó wá kúnlẹ̀ fún mi o. Ọjọ́ tó bá gba ipò kìíní nínú ẹ̀, á kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i."

Àpèkẹ́ dúpẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì padà sí i lójú: Tọ́lá lórí ìbẹ̀rẹ̀, bàtà Kúnmi ní ọwọ́ rẹ̀, tó ń wo abẹ́, tó ń wo inú. Kí ló ń wá nínú bàtà ọmọ ọlọ́mọ? Kí ló dé tó jẹ́ bàtà náà ló wá gbé wá?

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yìí ti pa ọ̀rẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ju bí a ṣe mọ̀ lọ.

Àpótí ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àpèkẹ́. Ó ti rà á ní Rye Lane ní bòókẹ́lẹ́ fún ìrìn àjò Kúnmi. Ó fi aṣọ wé bàtà náà, ó kì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó tì í, kò sì sọ fún ọmọ.

Nígbà tó yá, Tọ́lá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i: "Ṣé ó bá a lẹ́sẹ̀?"

Àpèkẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà: "Rẹ́gí. Ó ní kí Ọlọ́run bù sí i fún yín."

Ní September, nígbà tí wọ́n wọ ọdún ìparí, ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í fún Kúnmi lọ́rùn. Àárọ̀ pápá, ìrọ̀lẹ́ pápá, ó wá ń sùn lé ìwé lórí.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí n fi maths sílẹ̀. Subject méjì tó kù, mo máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Maths yìí máa fà mí lulẹ̀ ni."

Àpèkẹ́ wo ọmọ náà. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Ó rántí ojú tó ń dán nínú fóònù, tó ní, "A fẹ́ ọ."

"Kóòṣì ní kó o máa bá ẹ̀kọ́ lọ."

"Mo ṣì ń bá a lọ. Ó kàn ní kí n má fail ni. Tí mo bá dá maths dúró, mi ò ní fail. Innit?"

Ó bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó ti rẹ̀. Ká ní Àpèkẹ́ lè bi ẹnikẹ́ni ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ìbá ti tó. Ẹni tó mọ ìdáhùn ń jókòó ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́.

"Ẹsẹ̀ ló ń gbé ẹ lọ," Àpèkẹ́ wí. "Kì í ṣe maths. Fi sílẹ̀."

Kò pẹ́ tí Tọ́lá fi rí i. Ó dúró de Àpèkẹ́ ní ibùdókọ̀, níwájú ilé ìtajà ẹja ní Rye Lane. Àpèkẹ́ ṣàkíyèsí pé kọ́ọ̀tù Tọ́lá ti tóbi mọ́ ọn lọ́rùn.

"O rù. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ààwẹ̀ ni, jàre. Wò ó, mo rí i pé Kúnmi ń fi maths sílẹ̀."

"Ó nira fún un."

"Mo mọ̀. Ibo ló fẹ́ lọ gan-an? Yunifásítì wo?"

"Kent," ni Àpèkẹ́ wí. Irọ́ náà yọ̀ jáde bí ọṣẹ. "Wọ́n ní àwọn ò bèèrè maths."

"Kì í ṣe òkè òkun?"

"Òkè òkun wo, Tọ́lá? Ta ló máa san owó ọkọ̀?"

Tọ́lá wò ó pẹ́. "Mo rò ó pé bóyá àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wá a ni. Pẹ̀lú bó ṣe ń sáré yẹn."

"Kò sẹ́ni tó wá a."

"Tó bá jẹ́ Kent ni, kò burú. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ yẹn ni, ǹ bá ti…" Ó gbọ́n ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. "Kò burú. Mo máa fọwọ́ sí i lọ́la."

Bọ́ọ̀sì dé. Tọ́lá di irin ẹnu ọ̀nà mú kó tó gòkè, bí arúgbó. Àpèkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó rò pé òun ti gba ọmọ òun sílẹ̀ lọ́wọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn Kérésì, kóòṣì Amẹ́ríkà pè. Ó ní àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ti fẹ́ wo ẹ̀kọ́ Kúnmi. Ó ní kó ka àwọn tó ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ fún òun.

Kúnmi ka méjì.

"Ìṣirò ńkọ́?"

"Mo ti fi sílẹ̀."

Obìnrin náà sún mọ́ kámẹ́rà.

"Kúnmi, ilé ẹ̀kọ́ wa ń fẹ́ ìṣirò títí dé ọdún ìparí. Fún gbogbo ọmọ ni. Àwọn tó ń sáré ò yàtọ̀. Mo ní kó o máa bá a lọ bó ṣe wà."

"Mo rò pé ẹ ní kí n má fìdí rẹmi ni."

"Ta lo bi?"

Kúnmi gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

Obìnrin náà kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti dókítà. "Ṣé o ti kúrò ní kíláàsì náà pátápátá? Àbí orúkọ rẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Àpèkẹ́ jáde lẹ́yìn fíríìjì. Kò jẹ́ kí kámẹ́rà rí òun. Ó mi orí sókè sódò sí ọmọ rẹ̀, ó tún mi í, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kúnmi yíjú sí fóònù. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ó dára. Kí ilé ẹ̀kọ́ yín fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti jẹ́rìí sí i."

Nígbà tí fóònù kú, Kúnmi fi orí lé tábìlì. "Mummy, ẹ ti jẹ́ kí n parọ́ fún un."

"Mo máa tún un ṣe."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe?"

Ẹnìkan ṣoṣo ló lè tún un ṣe.

Wọ́n ní Tọ́lá kò wá síbi iṣẹ́ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Àpèkẹ́ bá a ní ilé rẹ̀ ní New Cross, lórí àga tí wọ́n gbé sún mọ́ fèrèsé, gèlè lórí, aṣọ òtútù lẹ́sẹ̀. Báyọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó kí i, ó wọ inú yàrá lọ.

"Ara mi ò yá díẹ̀ ni," Tọ́lá wí kí Àpèkẹ́ tó bi í. "Jókòó. Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí?"

Àpèkẹ́ kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá. Kí Tọ́lá bá òun dá orúkọ Kúnmi padà sí kíláàsì ìṣirò. Kó dà bí ẹni pé kò kúrò rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fẹ́ gbọ́.

"Amẹ́ríkà," ni Tọ́lá wí.

"Tọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́."

"O sọ fún mi pé Kent ni."

Àpèkẹ́ wo ilẹ̀.

"Mo bi ẹ́, Àpèkẹ́. Níwájú ilé ẹja. Mo bi ẹ́ bóyá òkè òkun ni."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

Àpèkẹ́ ń fa òwú etí ìborùn rẹ̀. Tọ́lá sì dúró de ìdáhùn náà pẹ́, títí tó fi hàn lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Kò pariwo. Ó kàn yíjú sí fèrèsé.

"Ṣé o mọ ohun tó dá Báyọ̀ padà?" ló wí nígbà tó yá. "Kì í ṣe ojú ọjọ́. Ó ti fi science sílẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ó débẹ̀ tán kí wọ́n tó rí i. Wọn ò jẹ́ kó sáré. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dúró. Èmi ò lówó. Ojú tì mí láti sọ fún ìjọ, lẹ́yìn gbogbo àdúrà yẹn. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì yẹn, kó má baà ṣe ọmọ ẹlòmíì. Àpèkẹ́, ká ní o ní Amẹ́ríkà ni, ǹ bá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà."

Àpèkẹ́ bú sẹ́kún.

"Mi ò ní parọ́ fún wọn," Tọ́lá wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, wọ́n á fi Kúnmi ránṣẹ́ padà bí ẹrù tó bàjẹ́. Mo ti rí ojú ọmọ tó bá padà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ pe kóòṣì náà lónìí, kó sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà, kó ṣe maths ẹ̀ tán, kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Màá bá a wá olùkọ́. Dìde nílẹ̀, jàre, orúnkún wa kì í ṣe ti ọmọdé mọ́."

Àpèkẹ́ dìde. Ó ti ń wá ìborùn rẹ̀ láti lọ nígbà tí Tọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn.

"Bàtà mi ńkọ́? Ṣé ó ń wọ̀ ọ́?"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yẹ kó parí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níwájú Àpèkẹ́ gbayawu. Ó ti jẹ́wọ́ irọ́ ńlá, kékeré ló kù. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Lọ́jọ́ kan náà, ojú èèyàn lè gba ìtìjú kan, kó má gba èkejì.

"Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́," ló wí.

"O ṣeun," ni Tọ́lá wí, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe lóore. "Mo fẹ́ rí i nínú ẹ̀."

Kúnmi pe kóòṣì, ó sọ òótọ́. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ipò tọdún yìí ti di ti ọmọ mìíràn, kó kọ̀wé sí òun bó bá parí ìṣirò. Kúnmi gbé fóònù kalẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìyá àti ọmọ.

Àpèkẹ́ ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa gbé bàtà náà jáde. Lọ́jọ́ tí inú ọmọ bá rọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ara Tọ́lá bá yá ni, kí wọ́n jọ lọ sí pápá lọ wò ó.

Ara Tọ́lá kò yá. Kì í ṣe ààwẹ̀ ló mú kó rù. Ó ti mọ̀ láti ìgbà ooru tó kọjá, kó tó ra bàtà náà, kò sì sọ fún ẹnìkankan, àfi Báyọ̀. Òun náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, òun náà ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ní oṣù March, ní ilé ìwòsàn, ó sùn, kò jí.

Ní ọjọ́ tí ìjọ lọ kí Báyọ̀ kú ìnira, bàtà kún ẹnu ọ̀nà ilé náà títí dé ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Àpèkẹ́ ń bu omi sí ife fún àwọn àgbà. Kúnmi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Báyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí bíi ti ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Ó sọ̀rọ̀ ẹ dé òpin," ni Báyọ̀ wí fún un. "Bàtà yẹn ṣáá. Mo ní kó jẹ́ ká order ẹ̀ lórí fóònù, ó ní rárá, òun fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ní àárín àìsàn yẹn. Ó mú mi wa ọkọ̀ káàkiri. Ó wá ń bi mí, 'Báyọ̀, ṣé o rò pé ó ń wọ̀ ọ́ sáré?'"

"Bàtà wo, bro?"

Báyọ̀ wò ó. "Èyí tó pupa."

"Mi ò ní bàtà tó pupa."

Omi kún ife tó wà lọ́wọ́ Àpèkẹ́, ó ń dà sílẹ̀. Kò mọ̀.

"Mummy Kúnmi," Báyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún àgbà, "ẹ̀yin lẹ sọ fún Mummy mi pé ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́. Mo wà nínú yàrá. Mo gbọ́."

Àwọn ìyá tó ń sunkún gbójú sókè.

"Mummy," ni Kúnmi wí. "Bàtà wo?"

"Ó wà nínú àpótí," Àpèkẹ́ dáhùn.

"Kí ló dé?"

Kò sí ibi tó máa sá sí. Ó sọ ọ́ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ó ní òun rí Tọ́lá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé bàtà Kúnmi dání, tó ń wo abẹ́ rẹ̀, tó ń wo inú rẹ̀. Ó ní òun rò pé…

Gbogbo wọn mọ ohun tó rò. Kò sí ẹnìkan nínú yàrá náà tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ò gba ọkàn rẹ̀ kọjá rí, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi bá a wí.

"Nọ́ńbà ẹsẹ̀ ló ń wò," ni Báyọ̀ wí. "Ó fẹ́ kó jẹ́ surprise. Ibo ni ì bá ti rí i, tí kì í bá ṣe níbi tí gbogbo wa ń bọ́ bàtà sí?"

Kúnmi dìde. Ó kọjá lára ìyá rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára òpó, ó jáde.

Nígbà tí Àpèkẹ́ délé, àpótí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ ṣí. Kúnmi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà pupa náà lórí itan. Ó ti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò, ó sì ti bọ́ ọ.

"Ó bá mi lẹ́sẹ̀," ló wí. Ìyẹn nìkan ló sọ.

Kó tó pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n sin Tọ́lá, obìnrin kan pe fóònù Kúnmi. Ó ní orúkọ òun ni Yusrah, òun ń kọ́ni ní ìṣirò, òun àti Tọ́lá jọ ṣiṣẹ́ rí. Ó ní Tọ́lá pe òun láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn. "Ó ní ọmọ òun kan wà tó nílò maths. Mo ní ṣé Báyọ̀ ni? Ó ní rárá, àbúrò ẹ̀."

Kúnmi lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí ọdún fi yí po. Ó yege, ó sì yege dáadáa. Kò kọ̀wé sí kóòṣì Amẹ́ríkà mọ́. Kọ́lápọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ nílé, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Kúnmi ní, "Uncle, ẹ ṣeun, mo ti sáré tán." Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní New Cross ló ń lọ báyìí, ó ń gba abẹ́ fèrèsé ilé Tọ́lá kọjá láàárọ̀.

Àpèkẹ́ ti bẹ Báyọ̀, Báyọ̀ ní òun ti dárí jì í. Ó ti bẹ Kúnmi, Kúnmi ní kò sí wàhálà. Ẹni tó kù tó yẹ kó bẹ̀ kò sí ní ibi tí ẹ̀bẹ̀ ń dé.

Bàtà pupa náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Peckham, ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, bí Kúnmi ṣe tò ó. Àpèkẹ́ máa ń nu eruku kúrò lára rẹ̀. Irin abẹ́ rẹ̀ ò tíì kan pápá rí.